Alùpùpù Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti Ọjọ́ Iléyá

   

Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti kà tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Arábìnrin kan ni ó kọ ọ́. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ìlú òun, nítorí pé ọkọ òun pẹ̀lú a máa ka ojú ewé yìí. Bí ó bá ka ti òní, yóò kúkú mọ ara rẹ̀. Ó ní ọkọ òun jogún alùpùpù kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Alùpùpù àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé ń gùn láyé ìgbà tí àwa wà ní ọmọdé, tí a ó gbọ́ ìró rẹ̀ láti òkè odò kí a tó rí ẹni tí ó gùn ún. Ọdún gbọọrọ ni ó ti wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé wọn, tí adìẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀. Lójijì ni ọkọ rẹ̀ sọ pé òun yóò tún un ṣe fúnra òun nínú ilé, kì í ṣe kí ó kàn rìn nìkan, ṣùgbọ́n kí ó dára ju bí ó ti wà lọ́wọ́ bàbá òun lọ, àti pé òun ni òun yóò gùn ún lọ sí Yídì ní ọjọ́ Iléyá tí ń bọ̀ yìí, kí gbogbo ẹbí lè rí i.

Ó wá kọ ọ́ báyìí pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà náà ni kò ti sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nílé wa mọ́. Táyà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ, ẹ́ńjìnnì wà lórí tábìlì tí a fi ń jẹun, nọ́ọ̀tì sì wà nínú abọ́ tí mo fi ń po ògì. Èyí kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé owó àgbò ti ń di owó pulọ́ọ̀gì."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ti abọ́ ògì. Nígbà tí mo dé ibi owó àgbò, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Kí n tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan fún yín, tí òun náà tún alùpùpù àtijọ́ ṣe nínú ilé, tí òun náà ní ọjọ́ kan tí ó ń lé. Ìtàn òtítọ́ ni. Iye máìlì tí ó sá wà ní àkọsílẹ̀ títí di òní.

Herbert James Munro ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Burt ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ní 1899 ni wọ́n bí i ní Invercargill, ìlú kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Nìú Síláǹdì pátápátá, níbi tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi tí ó sì kọrí sí gúúsù, yìnyín ni yóò bá níwájú. Ní 1920, ó ra alùpùpù tuntun kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní Indian Scout. (Kì í ṣe àwọn ará Íńdíà ni ó ṣe é o. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ wọn sọ alùpùpù.) Nígbà tí ó rà á, eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí máìlì 55 lọ ní wákàtí kan. Èyí tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé ìgbà náà. Kò tó fún Burt. Ní nǹkan bí 1926, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú u, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi di arúgbó.

Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti wù mí nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìkòkò lọ́jà, ẹ mọ àwọn tí ń da ìkòkò. Wọn a kó ìdérí ìkòkò tí ó ti fọ́ àti àjákù ẹ́ńjìnnì jọ, wọn a yọ́ wọn lórí iná, wọn a sì dà á sínú yanrìn tí wọ́n ti fi ìkòkò mìíràn tẹ̀. Nígbà tí ó bá tutù, ìkòkò tuntun dé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni bàbá yìí ń ṣe. Ó ń yọ́ àjákù, ó sì ń da písítìnì tuntun sínú agolo lásán. Písítìnì ni ohun kan tí ó rí bí ife tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, tí í máa lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì bí ọmọ odó ti í ṣe nínú odó. Odó náà ńkọ́? Irin páìpù tí wọ́n fi ń gbé gáàsì gba abẹ́ ilẹ̀ ìlú ni ó gé tí ó fi ṣe é. Ọ̀pá tí ó so písítìnì mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ara irin àárín àgbá katakata àtijọ́ ni ó ti gbẹ́ ẹ, tí ó sì fi iná sun ún kí ó lè le. Kò ní ohun ìwọ̀n olówó ńlá. Wáyà kan láti ara àgbá kẹ̀kẹ́ ni ó fi ń wọn nǹkan. Bí ó bá sì fẹ́ kí ojú táyà dán, ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹran ni ó fi ń họ ọ́. N kò mọ ẹni tí ó ni ọ̀bẹ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo fura.

Kò fi irú alùpùpù náà sílẹ̀ bí ó ti bá a. Fáàfù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ṣe é, ó gbé e lọ sórí rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí dáadáa. Ààyè inú ẹ́ńjìnnì náà tí ó jẹ́ nǹkan bí 600 ní ìwọ̀n àwọn mẹkáníìkì, ó sọ ọ́ di 850, ó sì tún sọ ọ́ di 950 nígbẹ̀yìn. Ó ṣe èèpo gígùn kan bò ó, tí ó rí bí ẹja, kí afẹ́fẹ́ má baà dá a dúró. Kí ni kò ṣe? Kò ra á, nítorí pé owó kò sí. Bí owó tilẹ̀ wà, ta ni yóò tà á fún un? Ní 1953, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe alùpùpù náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé ọdún mẹ́wàá gbáko ni òun fi ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wákàtí 16 lójoojúmọ́.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Ẹ̀yin ìyàwó ilé ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Wákàtí 24 ni Ọlọ́run fún gbogbo ènìyàn lójúmọ́. Bí ẹnì kan bá fún irin ní 16, tí ó sì sun díẹ̀, èló ni ó kù fún ilé? Burt gbé ìyàwó, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin. Lẹ́yìn Ogun Ńlá Kejì, ìgbéyàwó náà tú. Ó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, ó sì ń gbé inú gáráàjì kékeré kan, tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù. Àwọn tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ a máa yára kọjá níbí yìí, kí wọ́n lè tètè dé ibi eré sísá. Èmi kò lè yára kọjá. Mi ò sọ pé alùpùpù nìkan ni ó tú ilé náà ká, nítorí ohun tí ó wà láàárín ọkọ àti aya, ará ìta kì í rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n gáráàjì tí ó ní ibùsùn kan ṣoṣo nínú, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò ṣòro láti kà.

Ó tó kí n sọ ti ọjọ́ tí ó ń lé wàyí.

Ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, pápá kan wà tí à ń pè ní Bonneville. Adágún omi ńlá ni ibẹ̀ láyé àtijọ́. Omi náà gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ sì kù sílẹ̀. Bí ojú ti lè ríran mọ, funfun ni, ó tẹ́ bí ẹní, ó sì le. Ní ìgbà òtútù omi a máa bò ó. Nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, a gbẹ. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé oṣù kẹjọ ọdún ni àwọn asáré ọkọ̀ àti alùpùpù máa ń pé jọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan rẹ kò bá tíì parí, ó di ọdún tí ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n Burt kò sí ní Utah. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ayé, òkun sì wà láàárín. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ní láti gbé òun àti alùpùpù rẹ̀ débẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì ni wọn yóò lò lórí òkun. Nítorí náà, ọjọ́ tí ó ń lé gan-an kì í ṣe ọjọ́ eré. Ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun máa ṣí kúrò ní èbúté ni. Ohun tí kò bá tíì dára ní ọjọ́ yẹn, bí ó bá ṣe wà ni yóò ṣe bá a dé Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì yìí sọ́kàn, n ó padà wá sórí rẹ̀.

Ohun tí ó sì ràn án lọ́wọ́ ni pé kò dúró kí ó di Amẹ́ríkà kí nǹkan tó bàjẹ́. Etíkun kan wà nítòsí ìlú rẹ̀ tí à ń pè ní Oreti, yanrìn rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́jú. Ibẹ̀ ni ó ti ń dán an wò. Písítìnì fọ́, ọ̀pá ṣẹ́, ẹ́ńjìnnì fọ́n ká. Ó ń kó gbogbo àfọ́kù náà wálé, ó sì ń tò wọ́n sórí pákó kan lára ògiri gáráàjì. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹbọ fún òrìṣà eré sísá ni wọ́n. Ó fi ṣe àwàdà ni. Àwa kì í fi irú rẹ̀ ṣe àwàdà, ẹ jẹ́ kí n pe é ní pákó àfọ́kù. Ó wú mi lórí pé kò sọ wọ́n nù. Ẹni tí ó bá ń wo ibi tí irin ti ṣẹ́ lójoojúmọ́, yóò mọ ibi tí yóò mú nípọn nígbà mìíràn.

Ní 1962, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 63, ó dé pápá iyọ̀ náà, ó sì sá máìlì 178.97 ní wákàtí kan, ó gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì wọn kò ju tirẹ̀ lọ. Ó tún lọ ní 1966. Ní 1967 ni èyí tí ó lókìkí jùlọ. Òfin wọn ni pé kí ènìyàn sá a lọ kí ó sì sá a bọ̀, kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, kí wọ́n sì pín in sí méjì, kí afẹ́fẹ́ má baà ṣe ojúsàájú. Iye tí wọ́n kọ fún Burt ni máìlì 183.586 ní wákàtí kan. Láti Èkó dé Ìbàdàn, tí kò ju nǹkan bí ọgọ́rin máìlì lọ, ìyẹn kò tó ìdajì wákàtí. Ẹni ọdún 68 ni, lórí alùpùpù tí ó ti pé ọdún 47.

Ní ọdún 1967 yìí kan náà, ní orí iyọ̀ kan náà, ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Bí ó ti ń sá lọ, alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó nàró kí afẹ́fẹ́ lè bá a fa eré náà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ já gíláàsì ojú rẹ̀ lọ, kò sì ríran mọ́. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà, díẹ̀ ni ó kù kí ó kọlu òpó irin kan, kí ó tó dojú alùpùpù náà délẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú họ́họ́ra díẹ̀. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin kankan má ṣe ka èyí kí ó sì wá lọ dán eré wò ní títì márosẹ̀ o. Pápá tí kò ní igi, tí kò ní ẹran, tí kò ní ènìyàn ni Burt ti ṣe tirẹ̀.

Ó kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1978, ní ẹni ọdún 78. Ní 2005, wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jùlọ nínú gbogbo rẹ̀ kò sí nínú fíìmù, nítorí pé kò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, John, wo iye tí wọ́n kọ fún bàbá rẹ̀ ní 1967. Ó tún ìṣirò náà ṣe, ó sì rí i pé àwọn tí wọ́n pín in sí méjì ṣì í pín. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà ní Amẹ́ríkà. Àwọn náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni. Ní 2014, ọdún 36 lẹ́yìn ikú Burt, wọ́n sọ iye náà di máìlì 184.087. Ìdajì máìlì ni ọmọ fi kún eré bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo ronú nípa àwọn ọdún tí irin gba wákàtí 16 lójúmọ́, mo sì sọ fún ara mi pé ọmọ yìí ní ọkàn.

Wàyí o, arábìnrin mi, mo padà sọ́dọ̀ rẹ.

Èmi kò ní bá ọkọ rẹ jà. Ọkùnrin tí ó jókòó sílé pẹ̀lú sípánà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò ó, tí ó ń tún ohun ìní bàbá rẹ̀ ṣe, àwọn ohun tí ó burú ju èyí lọ wà tí ọkùnrin lè máa fi alẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún un, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, tàbí kí ó kà á fúnra rẹ̀: Bàbá, ọjọ́ Iléyá kọ́ ni ọjọ́ yín. Ọjọ́ yín ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Iléyá. Ní ọjọ́ náà, alùpùpù gbọ́dọ̀ ti máa rìn lójú títì, kí ẹ máa gùn ún lọ sí ọjà ní ìrọ̀lẹ́, kí ohun tí yóò bàjẹ́ bàjẹ́ nígbà tí ẹ sún mọ́ ilé. Bí kò bá rìn ní ọjọ́ náà, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Yídì pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ yín. Ẹni tí ó bá ń ṣe bírékì ní alẹ́ àìsùn ọdún, ojú oorun ni ó fi ń dì í.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe bírékì kí ẹ tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ni ó dùn láti tú, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè sá tí kò lè dúró, kò yẹ kí ó jáde nílé. Táyà tí ó ti wà lábẹ́ àtíbàbà láti ọdún wọ̀nyí, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ rí bíi tuntun, rọ́bà rẹ̀ ti gan. Kí ẹ ra òmíràn. Inú táǹkì yóò ti dípẹtà, epo àtijọ́ yóò sì ti dì bí oje igi nínú kabúrétọ̀. Ẹ fọ méjèèjì dáadáa. Ìta gbangba ni kí ẹ ti fọ̀ wọ́n, ẹ má ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Èéfín pẹtiróòlù kì í ròkè. Ilẹ̀ ni í máa rìn tọ̀, yóò sì rìn títí yóò fi dé ibi tí iná wà. Kí àwọn ọmọ má sí nítòsí.

Ti owó àgbò, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe lónìí, kí ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ ka iye tí ó kù. Kí ẹ gbé e fún ìyá rẹ̀, tàbí fún ẹ̀gbọ́n kan tí kì í tijú láti sọ pé rárá. Àgbò kò pọn dandan fún ẹni tí kò ní agbára rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní i tẹ́lẹ̀ tí ó sì fi ra pulọ́ọ̀gì, kí ó má sọ pé òun kò ní. Ohun tí alùpùpù bá fẹ́ lẹ́yìn èyí, kí ó dúró de owó mìíràn. Bí ti ọdún yìí kò bá ṣe é ṣe, Iléyá ọdún tí ń bọ̀ yóò tilẹ̀ fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti ọdún yìí lọ, bí oṣù ti í máa rìn. Kí ó tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ náà, arábìnrin mi, gba abọ́ ògì rẹ padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ òní. Wá agolo mílíìkì mẹ́fà, fọ̀ wọ́n, kí o lẹ ìwé mọ́ ara wọn: ti bírékì, ti ẹ́ńjìnnì, ti àgbá iwájú, ti àgbá ẹ̀yìn, ti táǹkì, àti ti àwọn tí kò mọ ibi tí ó ti yọ wọ́n. Agolo ìkẹyìn yìí ni kí o máa wò. Bí ó bá ń kún, kọ̀wé sí mi.